Ẹ Má Lé E Lọ Bá Ọmọ Ẹlòmíràn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń bí mi nínú nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn: "Ẹ jẹ́ kó ṣáà kúrò ládùúgbò wa." Bí ọkùnrin kan bá ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, tí ariwo ta, tí àwọn àgbà jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí, ibẹ̀ ni ìpàdé máa ń parí sí. Wọn á gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀, wọn á ní kó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ọmọ, wọn á fún un ní ọjọ́ méje kó fi kó ẹrù rẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ kì í mọ́ bá a níbẹ̀. Oníkálukú á wá mí kanlẹ̀, wọn á ní àwọn ti fi ọgbọ́n àgbà parí ẹ̀, ọ̀rọ̀ kò dé etí ọlọ́pàá, àbùkù kò kan ilé ẹnikẹ́ni.

Ó dáa. Níbo ló wá lọ?

Yorùbá ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. N kò bá òwe àwọn bàbá wa jà. Ṣùgbọ́n akátá tí a lé yìí, agbo adìẹ ta ni ó forí lé? Kò kúkú wọ inú igbó lọ máa jẹ koríko. Ó kó lọ sí àdúgbò mìíràn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n rí, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní "Bọ̀dá", tí ìyá tó ń kánjú lọ sọ́jà sì ń sọ fún un pé, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú sí àwọn ọmọ wọ̀nyí, mi ò ní pẹ́."

Mo fẹ́ sọ ọ́ láìfepo-bọyọ̀: lílé tí à ń lé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìyà fún un. Ẹ̀bùn ni. Ojú tuntun la rà fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó sì dùn mí jù ni pé ohun tí à ń bá àwọn bàbá àdúgbò wí fún yìí gan-an ni ìjọba wa ń ṣe, pẹ̀lú òfin àti òǹtẹ̀. Ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi níbòmíràn, ìbáà ṣe ní ìpínlẹ̀ kejì, ìbáà ṣe ní London tàbí Houston, bó bá ti kọjá ààlà báyìí, ó di ọmọlúàbí lọ́dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe, kí ẹ lè rí ibi tí tiwa ti jò.

Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1997 ni òfin ti ní kí ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi fún ìfipábánilòpọ̀ tàbí fún bíba ọmọdé jẹ́ máa fi ara rẹ̀ hàn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Òfin ọdún 2003 ló wá tún un tò bí ó ṣe wà lónìí. Bí onítọ̀hún bá jáde lẹ́wọ̀n, ọjọ́ mẹ́ta péré ló ní láti lọ sí tésàn ọlọ́pàá, kó sọ orúkọ rẹ̀, orúkọ mìíràn tó bá ń jẹ́, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti ilé tó ń gbé. Bó bá kó kúrò nílé náà, ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá fẹ́ rìnrìn-àjò lọ sí òkè òkun, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní ọjọ́ méje ṣáájú. Ẹni tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò bá ju oṣù mẹ́fà lọ á ṣe èyí fún ọdún 7. Èyí tó bá ju oṣù mẹ́fà lọ, tí kò sì tó ọgbọ̀n oṣù, ọdún 10. Èyí tó bá tó ọgbọ̀n oṣù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní òpin. Bí kò bá wá, ẹ̀ṣẹ̀ tuntun ni, ẹ̀wọ̀n ń dúró dè é. Ìwé náà kì í ṣe èyí tí gbogbo ayé ń ṣí wò. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2011, jákèjádò England àti Wales, òbí tí ara ń fu nípa ọkùnrin kan tó ń sún mọ́ ọmọ rẹ̀ lè lọ bá ọlọ́pàá kó bèèrè. Bí wọ́n bá rí i pé ewu wà, wọn á sọ fún un ní ìkọ̀kọ̀.

Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Ti wọn le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin 1994 àti ti 1996 ló sọ gbogbo ìpínlẹ̀ di oníwèé orúkọ, wọ́n sì wá gbé àwọn orúkọ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àwòrán àti ojúlé, kí ẹni tó wà nílé rẹ̀ lè máa wò ó. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ àwòrán yìí, nítorí mo ní ẹjọ́ bá a rò.

Àwa náà ní tiwa. Ọdún 2015 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, ẹsẹ kan nínú rẹ̀ sì sọ pé kí wọ́n máa kọ orúkọ àwọn tí wọ́n bá dá lẹ́bi sínú ìwé, kí ará ìlú sì lè rí i. Abuja ni òfin náà ti múlẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní láti ṣe tirẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti ṣe é. Oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni àjọ NAPTIP ṣí ìwé orúkọ náà ní Abuja. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2021, ìwé orúkọ wà nínú rẹ̀. Èkìtì ò tiẹ̀ fi ṣeré: wọ́n ń gbé àwòrán àwọn tí kóòtù dá lẹ́bi jáde kí gbogbo ayé lè mọ̀ wọ́n.

Wọ́n ṣeun. Mi ò rí ẹ̀bi wọn níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wà ní sùkúù, kí ni tíṣà ń fi rẹ́jísítà ṣe? Ṣebí láàárọ̀ ni yóò ṣí i, yóò máa pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, onítọ̀hún á sì dáhùn, "Présẹ́ǹtì, sà!" Ọmọ tí kò bá dáhùn, wọn á fi àmì sí i, wọn á ránṣẹ́ sílé. Rẹ́jísítà kì í ṣe orúkọ tí a kọ sílẹ̀ nìkan. Pípè tí à ń pè é ló sọ ọ́ di rẹ́jísítà. Ẹsẹ òfin 2015 tó dá ìwé tiwa sílẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ, kó sì wà fún wíwò. Kò sọ pé kí ẹlẹ́ṣẹ̀ wá fara hàn bó bá kó láti Abuja lọ sí Abẹ́òkúta. Kò sì dárúkọ ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ní òkè òkun rárá. A kọ orúkọ, a ò pè é.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ń bí. Ìpínlẹ̀ 36 la ní, ká tó ka Abuja mọ́ ọn. Ọkùnrin tí wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ síta ní abúlé kan ní Èkìtì, kò gbà á ju owó ọkọ̀ lọ láti dé Ìbàdàn. Bó bá kúrò láàárọ̀, ọ̀sán ò ní tíì rọ̀ tí yóò fi wà ní Ìwó Road. Ta ni ó mọ àwòrán rẹ̀ níbẹ̀? Ní abúlé tó ti wá, ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ ohun tó ṣe, kò sí ẹni tí àwòrán náà ń kọ́ lọ́gbọ́n. Ní Ìbàdàn níbi tí ó ti yẹ kí ẹnìkan mọ̀, kò sí ẹni tó mọ̀. Ìlú tí kò nílò ìkìlọ̀ la kọ ìkìlọ̀ sí. Ẹ sọ fún mi, kí ni a ń ṣe tó yàtọ̀ sí ti àwọn bàbá àdúgbò tó ní kó kẹ́rù rẹ̀ láàárín ọjọ́ méje?

Ti inú ilé nìyẹn. Ti òkè òkun ló wá pabanbarì.

Òfin kan wà ní Britain, láti ọdún 2007, tó sọ pé àjèjì tí wọ́n bá rán lẹ́wọ̀n oṣù méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dídá ni kí wọ́n dá a padà sílùú rẹ̀, àfi bí ìdí pàtàkì kan bá wà tí kò fi gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àjèjì tó bá ba ọmọdé jẹ́, kóòtù dá a lẹ́bi, ẹ̀tọ́ àtigbé níbẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. N kò bá wọn wí. Ẹni tó bá ní ilé ló mọ ẹni tí òun ń gbà sílé. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: ọkùnrin yìí, níwọ̀n ìgbà tó bá wà ní London, ọlọ́pàá mọ ojúlé rẹ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ òfuurufú gbé e kúrò ní Heathrow ni ìṣọ́ tí wọ́n ń ṣọ́ ọ dópin. Ọjọ́ náà gan-an ló balẹ̀ ní Ìkẹjà, tí ìṣọ́ tiwa kò sì bẹ̀rẹ̀.

Báwo la ṣe ń gba irú wọn? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹbí á ti pé jọ. "Háà, ìyà jẹ ọmọ wa lọ́wọ́ òyìnbó!" Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà, gbogbo wa la ti mọ̀ ọ́n sórí: "Ọ̀rọ̀ pépà ni." Pépà! Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ aráyé lè dá ní ìlú òyìnbó ló ti di pépà kó tó dé Mushin. Ẹni tó lu jìbìtì, pépà ni. Ẹni tó gbé oògùn olóró, pépà náà ni. Ẹni tó sì fọwọ́ kan ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìyá rẹ̀ á ní, "Wọ́n kàn dípọ́ọ̀tì ẹ̀ ni, pépà ẹ̀ ló bàjẹ́." Ṣé ìyá ọ̀hún mọ òtítọ́? Nígbà mìíràn ó mọ̀. Nígbà mìíràn irọ́ ni ọmọ pa fún òun náà. Wọn á pa àgbò, wọn á dúpẹ́ pé ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bọ̀.

Kí ló kù tó lè ṣe jẹun? Ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó ń gba imú sọ ọ́. Onísùkúù aládàáni kan á gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ á dán. "Mo ti rí tíṣà láti London!" Wọn ò ní bi í léèrè ìwé ẹ̀rí kankan, ohùn rẹ̀ ti tó ìwé ẹ̀rí. Bó bá dọjọ́ ìsinmi, ìjọ á ní kó máa kọ́ ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọmọdé. Mi ò sọ pé gbogbo wọn ló ń rí báyìí o. Ohun tí mò ń sọ ni pé bó bá fẹ́ rí bẹ́ẹ̀, kò sí ohunkóhun lójú ọ̀nà tó lè dí i lọ́wọ́.

Ẹ má gbọ́ mi gbọ́ ẹlòmíràn. Àwọn tí wọ́n ń dá padà wálé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọ̀rọ̀ pépà gan-an lé wálé, àwọn ẹni ẹlẹ́ni tó ń fọ abọ́, tó ń tọ́jú arúgbó láti rán owó sílé. Àwọn wọ̀nyí ni mò ń jà fún pẹ̀lú. Nítorí pé a ò ní ìwé tó lè ya ìkookò sọ́tọ̀ kúrò láàárín àgùntàn, gbogbo wọn la fi ń ṣe ìfura nínú ọkàn wa. Bí ìwé náà bá wà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ á lè gbé orí sókè.

Kí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń ṣe bó bá kan wọn? Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ṣàpẹẹrẹ. Olórin Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó ń jẹ́ Gary Glitter, tí òkìkí rẹ̀ kàn gidigidi ní àwọn ọdún 1970. Ní 1999 kóòtù ìlú rẹ̀ rán an lẹ́wọ̀n nítorí àwòrán ìbàjẹ́ ọmọdé tí wọ́n bá nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó jáde, ó kó lọ sí òkè òkun. Cambodia lé e jáde ní 2002. Ó wá bá ara rẹ̀ ní Vietnam. Ẹ ṣàkíyèsí bí ó ṣe ń lọ: ìlú kan lé e, ó bọ́ sí èkejì. Ní oṣù kẹta ọdún 2006, kóòtù Vietnam rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta nítorí ohun tó ṣe sí àwọn ọmọbìnrin méjì, ọ̀kan ọmọ ọdún 10, èkejì ọmọ ọdún 11. Ní oṣù kẹjọ 2008 ó parí ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Kò fẹ́ padà sílé. Thailand ò gbà á, Hong Kong ò gbà á, ló bá balẹ̀ sí Heathrow nígbẹ̀yìn.

Àwọn ọlọ́pàá ló lọ pàdé rẹ̀. Wọn ò sọ pé, "Ọ̀rọ̀ àwọn ará Vietnam nìyẹn." Wọn ò sọ pé ó ti ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán. Òfin 2003 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti múra sílẹ̀ dè é: ọ̀gá ọlọ́pàá lè lọ bá adájọ́ májísíréètì, kó fi ìwé ìdájọ́ òkè òkun hàn án. Bí ohun tí onítọ̀hún ṣe bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ níbi tó ti ṣe é, tó sì máa jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ bó bá ṣe é ní England, adájọ́ á pàṣẹ kó máa fara hàn bí ẹni pé Old Bailey ló dá a lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú olórin náà wọ inú ìwé wọn. Ní 2015, kóòtù Southwark tún rán an lẹ́wọ̀n ọdún 16 nítorí ohun tó ti ṣe sí àwọn ọmọdébìnrin láti àwọn ọdún 1970 wọ̀nyẹn.

Amẹ́ríkà náà ń kọ orúkọ ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi lókè òkun, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń yan èyí tí wọ́n gbà. Ìdájọ́ Kánádà, ti Britain, ti Australia àti ti New Zealand, wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìlú mìíràn, tó fi mọ́ tiwa, wọn á yẹ ìwé tí ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn ń kọ lọ́dọọdún lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wò, bóyá ó sọ pé àwọn adájọ́ ìlú náà dúró lórí ẹsẹ̀ ara wọn lọ́dún tí wọ́n dá ẹjọ́ ọ̀hún. Ó lè dun ẹlòmíràn pé wọ́n ń yẹ kóòtù wa wò bí ẹni ń yẹ ẹyin wò lójú oòrùn. Èmi ò bínú. Wọ́n bèèrè ni. Àwa ò bèèrè rárá. Láti ọdún 2016 pàápàá, wọ́n ti ń kọ ọ́ sínú páásípọ́ọ̀tù ará ìlú wọn tó bá wà nínú ìwé orúkọ nítorí pé ó ba ọmọdé jẹ́, wọ́n sì lè ránṣẹ́ ṣáájú rẹ̀ sí ìlú tó ń lọ. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé Ìkẹjà, kí ni òfin wa sọ pé kí ẹni tó gbà á fi ṣe?

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ níwájú àwọn èèyàn, wọn ò sì gbà fún mi bọ̀rọ̀. Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún púpọ̀ wò mí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n tán, kí lẹ tún ń wá lára ẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ kó kú ni?" Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Bí awakọ̀ kan bá mutí yó, tó fi ọkọ̀ pa èèyàn mẹ́ta, tó ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá tó jáde, ṣé ẹ óò fún un ní bọ́ọ̀sì sùkúù wà lọ́la, kó kó ọmọ-ọmọ yín sẹ́yìn?" Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyẹn yàtọ̀. Mi ò rí ibi tó ti yàtọ̀. Ẹ̀wọ̀n jẹ́ gbèsè ohun tó ti ṣe. Ìwé orúkọ jẹ́ nítorí ọmọ tí kò tíì pàdé.

Àwọn kan ní òyìnbó ń fi irọ́ ti aláwọ̀ dúdú mọ́lé, pé ìdájọ́ wọn kò ṣeé gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, n kò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo pé adájọ́ ni kó máa pàṣẹ, kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ Ìmígíréṣọ̀n tí ebi ń pa ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yí tiwọn padà nínú òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2022: ọlọ́pàá kò nílò kóòtù mọ́ kó tó fún ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi lókè òkun níwèé. Lójú tèmi, wọ́n fi ẹsẹ̀ kan padà sẹ́yìn níbẹ̀, bí a bá sì gbé irú rẹ̀ wá sílẹ̀ wa, ọjà owó ẹ̀yìn la ṣí yẹn. Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin náà rí lọ́yà, kó dúró níwájú adájọ́, kó sọ tẹnu rẹ̀. Bí wọ́n bá fi èdè tí kò gbọ́ dá a lẹ́jọ́ lọ́hùn-ún, kó sọ ọ́. Bí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a lẹ́bi kò bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nílẹ̀ wa, kó sọ ọ́. Ọmọkùnrin ọdún 19 àti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún 17 tí wọ́n jọ fẹ́ra wọn: ní London, kò sí ẹjọ́, nítorí ọdún 16 ni òfin wọn fi sí, ní California, ẹ̀ṣẹ̀ ni, nítorí ọdún 18 ni tiwọn. Adájọ́ tó ní làákàyè á mọ̀ pé ọmọ yẹn kọ́ là ń wá.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo àwíjàre wọn ni ti ìdájọ́ ojú títì. Gbogbo wa la mọ ohun tí táyà àti pẹtiróòlù ń ṣe nílẹ̀ yìí. Ẹnìkan á kígbe "Olè!", kí wọ́n tó bèèrè ohun tó jí, iná ti ń jó. Bí a bá wá gbé orúkọ, àwòrán àti ojúlé síta fún ẹnikẹ́ni tó ní fóònù, ọjọ́ wo ni wọ́n máa dáná sun ẹni tí orúkọ rẹ̀ kàn jọ ti ẹlẹ́ṣẹ̀? Adébáyọ̀ mélòó ló wà ní Ìbàdàn nìkan? Nítorí náà ni n kò ṣe fara mọ́ àwòrán lílẹ̀ tí Èkìtì ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ìbínú tó bí i, mo sì ń bá wọn bínú. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún àwòrán kì í rò. Ẹni tó ń ba ọmọ jẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe àjèjì: bàbá ni, ọkọ ìyá ni, àbúrò bàbá ni. Bí ẹ bá lẹ àwòrán ọkọ ìyá mọ́ ògiri ní abúlé ilé ogún, ẹ ti lẹ àwòrán ọmọ náà mọ́ ọn. Gbogbo sùkúù rẹ̀ á mọ̀ lọ́la.

Kí ìwé náà wà lọ́wọ́ ẹni tó ní iṣẹ́ láti pe orúkọ. Kí onísùkúù bèèrè kó tó gba tíṣà, kí ìjọ àti mọ́sálásí bèèrè kí wọ́n tó fa ọmọdé lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí ìyá tí ara ń fu lọ bèèrè ní tésàn, kí wọ́n sì dá a lóhùn. Kí ó sì ní ibi tí yóò dópin fún ẹni tó bá yí padà. Ní 2010, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Britain sọ fún ìjọba wọn pé kò bójú mu kí wọ́n kọ orúkọ ènìyàn sílẹ̀ títí ayé láìfún un láyè àtibèèrè pé kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ òun wò. Láti 2012, àgbàlagbà tó bá ti lo ọdún 15 nínú ìwé lè bèèrè. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mò ń bẹ àwọn aṣòfin wa fún kò pọ̀ rárá. Agodi, Aláùsá, Adó, Àkúrẹ́, Òṣogbo, Abẹ́òkúta: ilé ìgbìmọ̀ mẹ́fà péré. Kí wọ́n fi ẹsẹ kan kún òfin tó ti wà nílẹ̀, pé ẹni tí kóòtù dá lẹ́bi fún ẹ̀ṣẹ̀ yìí ní ìpínlẹ̀ mìíràn tàbí ní orílẹ̀-èdè mìíràn, tó bá fẹ́ máa gbé lọ́dọ̀ wa, kó wá fi ara rẹ̀ hàn láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí adájọ́ wo ìwé rẹ̀, bí kò bá sì wá, kó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Kí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fọwọ́ sí i pé ìwé ara wọn làwọn yóò máa kà. A ní Àmọ̀tẹ́kùn tó ń ṣọ́ igbó wa láti 2020, ó yẹ ká lè ṣọ́ ojú ọ̀nà sùkúù. Kí ìjọba àpapọ̀ sì bá Britain àti Amẹ́ríkà sọ ọ́ pé bí wọ́n bá ń dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà, kí ìwé ìdájọ́ rẹ̀ bá a wọkọ̀. A ti bá Britain tọwọ́ bọ ìwé rí ní 2014 lórí gbígba ẹlẹ́wọ̀n; ọ̀rọ̀ ìwé ìdájọ́ kò le ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀yin onísùkúù, ẹ̀yin ò nílò láti dúró de ẹnikẹ́ni. Ìwé ẹ̀rí kan wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní International Child Protection Certificate. Ọ́fíìsì ọlọ́pàá wọn tó ń jẹ́ ACRO ló ń fún ènìyàn. Nítorí àwọn tó fẹ́ bá ọmọdé ṣiṣẹ́ ní òkè òkun gan-an ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, ẹni tó ti gbé ní Britain rí lè gbà á, ìbáà jẹ́ òyìnbó, ìbáà jẹ́ ọmọ wa. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ̀wé béèrè rẹ̀. Nígbà tí tíṣà láti London bá tún dé ọ́fíìsì yín, tó ń gba imú sọ̀rọ̀, ẹ fún un ní àga, ẹ fún un lómi, kí ẹ sì ní kó mú ìwé ẹ̀rí náà wá. Bó bá ní òun ò lè rí i gbà, ẹ bi í pé kí ló dé.